Èèwọ̀, Àdàpè àti Káàdì X: Ìmísí àti Ààbò nínú Eré Ẹ̀dá-Ìtàn Orí Tábìlì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ àwọn ohun èlò ààbò tí wọ́n ṣe fún eré ẹ̀dá-ìtàn orí tábìlì láti ọdún 2003, ó sì gbé wọn yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé tí àwọn eléré ti ń wá ìmísí. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìmísí àti ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń dáhùn, èyíinì ni ohun tí ó yẹ kí ó wọ inú ìtàn àti ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti dá a dúró. Iṣẹ́ náà lo ìtàn Kàkò nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ àti lílo òrìṣà nínú eré láti fi hàn pé èèwọ̀, àdàpè àti tótó nínú àṣà Yorùbá kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú káàdì X. Síbẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ibi tí káàdì náà kù sí hàn, bí káàdì náà ṣe jẹ́ kí ibi tí àwọn náà kù sí hàn.

Ìfáàrà

Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú ẹ̀dá-ìtàn kan, yóò sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn náà ń ṣe àti ohun tí ó ń wí. Ẹnì kan láàrin wọn kò ní mú irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò máa ṣàpèjúwe ìlú, igbó àti ọ̀tá tí àwọn yòókù bá pàdé. Nígbà tí kò bá dájú bóyá ohun tí ẹnì kan dáwọ́ lé yóò bọ́ sí i, wọn yóò da dáìsì. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ìtàn náà yóò já sí, nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń pa á.

Orúkọ tí ó bá ẹni tí ń darí irú eré báyìí mu jù lọ ní èdè Yorùbá ni atọ́kùn. Atọ́kùn eégún kì í ṣe ọ̀gá eégún. Òun ni ó ń mú eégún la àárín èrò kọjá; ó ń ṣọ́ eégún kí aṣọ rẹ̀ má ṣí, ó sì ń ṣọ́ èrò kí pàṣán má bà wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ. Iṣẹ́ méjì yìí, kí eré dùn àti kí ẹnikẹ́ni má fara pa, ni ó wà lọ́wọ́ atọ́kùn eré orí tábìlì pẹ̀lú. Síbẹ̀, àwọn tí ń kọ̀wé fún un sábà máa ń ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Fún ìmísí, wọ́n fún un ní àtòjọ ìwé tí yóò kà. Fún ààbò, wọ́n fún un ní àtòjọ irinṣẹ́ tí yóò lò. Àríyànjiyàn iṣẹ́ yìí ni pé ìyàsọ́tọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí àtòjọ méjèèjì pé.

Àtòjọ ìmísí àti ẹrù tí ó ń gbé wá

Àtòjọ ìmísí tí ó lókìkí jù lọ ni Appendix N, tí Gygax fi sí ẹ̀yìn ìwé Dungeon Masters Guide ní ọdún 1979. Àwọn òǹkọ̀wé bíi J. R. R. Tolkien, Fritz Leiber, Jack Vance, Robert E. Howard àti H. P. Lovecraft wà níbẹ̀. Kò sí òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà kankan níbẹ̀. Ní ọdún yẹn, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ti pé ọdún 41 tí ó ti jáde, The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola ti pé ọdún 27, ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún ìwé Fágúnwà sì ti pé ọdún 11. Ìwé wà nígbà náà, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àtòjọ náà ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n àìsí Áfíríkà níbẹ̀ kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ náà ní ẹrù tirẹ̀. Ìkórìíra tí Lovecraft ní sí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn àjèjì kò fara sin nínú ìtàn rẹ̀, orí àwọn ìtàn wọ̀nyẹn sì ni wọ́n gbé eré Call of Cthulhu kà ní ọdún 1981. Ẹni tí ó bá wá ìmísí lọ síbẹ̀ yóò bá ìbẹ̀rù ohun abàmì, tí ó jẹ́ ọgbọ́n Lovecraft, pàdé. Yóò sì bá ìbẹ̀rù ọmọ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ ẹni, tí ó jẹ́ àbùkù rẹ̀, pàdé lójú ewé kan náà. Chris Spivey rí èyí. Nínú Harlem Unbound, tí ó jáde ní ọdún 2017, ó gbé eré náà lọ sí Harlem ní àwọn ọdún 1920, ó fi àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, ó sì kọ ìtọ́sọ́nà fún atọ́kùn lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà nídìí tábìlì. Ibi tí iṣẹ́ Spivey ti yàtọ̀ ni pé kò fi ọ̀rọ̀ ààbò sí ìpẹ̀kun ìwé gẹ́gẹ́ bí àfikún. Bí ó ṣe ń tún orísun ìmísí ṣe ni ó ń ṣe ètò ààbò.

Kàkò àti obìnrin tí ó dì mọ́ ọn

Ó rọrùn láti sọ pé kí wọ́n fi Fágúnwà rọ́pò Lovecraft kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Lóòótọ́, agbára káká ni ènìyàn yóò fi rí ìwé tí ó bá eré yìí mu tó Ògbójú Ọdẹ. Ọba rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó láti gba ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí ó bá Àkàrà-ògùn lọ ni ó ní ẹ̀bùn tí èkejì kò ní: Kàkò ní agbára àti kùmọ̀, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn tí ń yọ́ ọkàn, Ẹlẹ́gbèdé-ọdẹ sì gbọ́ èdè ẹranko. Bí àwọn eléré ṣe máa ń pín ẹ̀dá-ìtàn láàrin ara wọn gan-an nìyí, ọdún 36 ṣáájú Dungeons & Dragons. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ìtàn náà pàápàá bá eré yìí tan: Àkàrà-ògùn ń sọ, ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, èrò sì ń pé jọ láti wá gbọ́.

Ṣùgbọ́n inú ìwé kan náà ni ọ̀ràn Kàkò wà. Nígbà tí Kàkò fẹ́ bá wọn lọ, obìnrin tí ó jẹ́ tirẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fi òun sílẹ̀. Kàkò pa á, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó wá sórí tábìlì gbọ́dọ̀ pinnu ohun tí yóò fi ikú obìnrin yìí ṣe. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó jókòó ti fojú rí irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn gbà pé bí wọ́n bá yọ ikú náà kúrò, irọ́ ni wọ́n pa mọ́ Fágúnwà. Ìbéèrè ìmísí ti di ìbéèrè ààbò kí ẹnikẹ́ni tó da dáìsì.

Ohun èlò ààbò àti ibi tí agbára wọn mọ

Ní ọdún 2003, nínú ìwé Sex & Sorcery, Ron Edwards ṣe ìyàtọ̀ kan tí àwọn eléré ṣì ń lò títí di òní, láàrin ààlà àti ìbòjú. Ohun tí wọ́n bá fi sí ìkọjá ààlà kò ní ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn rárá. Ohun tí wọ́n bá fi ìbòjú bò lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìtàn yóò fò ó, yóò sì bọ́ sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 2013, John Stavropoulos gbé káàdì X jáde. Wọn yóò kọ X sórí bébà kan, wọn yóò sì fi sí àárín tábìlì. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá ń ni ẹnikẹ́ni lára, kí ó fọwọ́ kan káàdì náà tàbí kí ó gbé e sókè. Wọn yóò yọ ohun tí ó fà á kúrò nínú ìtàn, wọn kò sì ní bi í ní ìdí. Beau Jágr Sheldon ṣe Script Change, tí ó yá èdè lò lọ́wọ́ ẹ̀rọ fídíò: ẹni tí ó jókòó lè ní kí ìtàn dúró, kí ó padà sẹ́yìn, tàbí kí ó sáré kọjá. Ní ọdún 2019, Kienna Shaw àti Lauren Bryant-Monk kó púpọ̀ nínú irú ohun èlò báyìí jọ sójú kan, ilé-iṣẹ́ Monte Cook Games sì tẹ Consent in Gaming jáde lọ́dún kan náà. Nígbà tí ó fi di ọdún 2020, ìmọ̀ràn pé kí àwọn eléré kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ti wọ inú Tasha's Cauldron of Everything, ọ̀kan nínú àwọn ìwé Dungeons & Dragons gan-an.

Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Láàrin ọdún 17, ohun tí àwọn díẹ̀ ń sọ láàrin ara wọn ti di ara òfin eré tí ó tóbi jù. Agbára tí ó wà nínú káàdì X ni pé ó gbà pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìrora rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀, ìrora méjì ni ó jẹ.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé àwọn ohun èlò wọ̀nyí lọ bá Kàkò. Bí ẹnì kan bá fa ààlà, Kàkò yóò jáde nílé láìsí ẹni tí ó dì mọ́ ọn, akọni aláìlábàwọ́n ni yóò sì jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá fi ìbòjú bò ó, wọn yóò sọ pé Kàkò fi obìnrin náà sílẹ̀, ó sì lọ. Àwọn Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀: àdàpè olè ni ọmọ ń fẹ́wọ́. Ìbòjú tí wọ́n ta láti dáàbò bo ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì ti dáàbò bo apànìyàn inú ìtàn pẹ̀lú. Ohun èlò ààbò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ̀. Kò sọ ojúṣe tí àwọn yòókù ní sí ohun tí wọ́n yọ kúrò. Tábìlì tí ó bá mọ ìwé yìí dáadáa lè pinnu pé ikú náà kò ní ṣẹlẹ̀ lójú wọn, ṣùgbọ́n pé Kàkò yóò gbé e rìn: orúkọ obìnrin náà yóò máa bọ́ sí i lẹ́nu, àwọn ẹbí rẹ̀ yóò sì béèrè rẹ̀ nígbà tí àwọn ọdẹ bá padà dé. Ìpinnu ààbò nìyẹn. Ìmísí sì ni pẹ̀lú, nítorí pé ìtàn tí Fágúnwà kò kọ ni ó bí.

Tótó, ẹyin àti ẹni tí ó kéré jù

Ìdánwò ńlá wà fún onímọ̀ Yorùbá níhìn-ín láti sọ pé àwọn baba wa ti ní gbogbo rẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀rí tí yóò kó jọ kò ní kéré. Ọba kì í kú, ó wàjà ni. Ejò alẹ́ kì í jẹ́ ejò, okùn-ilẹ̀ ni. Ilẹ̀-gbígbóná ni wọ́n ń pe àrùn tí wọn kò fẹ́ fi ẹnu kàn. Ìbòjú ni gbogbo àdàpè wọ̀nyí ní ìtumọ̀ Edwards. Ọmọdé tí ó fẹ́ pa òwe níwájú àgbà yóò kọ́kọ́ ṣe tótó, àwọn àgbà yóò sì fèsì pé yóò rí òmíràn pa. Apohùn kì í sì bẹ̀rẹ̀ láìjúbà.

Ìjọra yìí ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni ó kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n jù. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni tótó di ẹrù rù. Káàdì X gbé e ka ẹni tí ń gbọ́. Ẹni tí ń gbọ́ kò lè fọwọ́ kan káàdì àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti bà á. Script Change ní kí ìtàn padà sẹ́yìn, ìtàn sì lè padà lóòótọ́. Etí tí ó ti gbọ́ kò lè padà. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Láti inú òye yìí, ìjókòó tí wọ́n ń ṣe ṣáájú eré ṣe pàtàkì ju káàdì lọ, tótó tí atọ́kùn bá sì ṣe kí ó tó wọ ibi tí ó ṣókùnkùn nínú ìtàn ṣe pàtàkì ju ẹ̀bẹ̀ tí yóò bẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, òkè ni tótó àti ìbà ń wò. Àgbà ni wọ́n ń ṣe tótó fún; àgbà kì í ṣe é fún ọmọdé. Àwọn alágbára ni apohùn ń júbà fún kí wọ́n má bàa bínú sí i. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fún ẹni tí ó kéré jù nínú àwùjọ ní àṣẹ láti sọ pé ó tó, láìsọ ìdí, kí gbogbo àgbà sì dákẹ́. Káàdì X fún un. Níbi tí ó ti jẹ́ pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí ọmọdé já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, àṣẹ yìí jẹ́ ohun tuntun, kò sì ní ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún 19 tí ó ń pe atọ́kùn ní ẹ̀gbọ́n, tí ó kúnlẹ̀ kí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò ní na ọwọ́ sí káàdì torí pé wọ́n gbé e sórí tábìlì. Nínú ìlànà Stavropoulos, atọ́kùn fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí káàdì náà wà fún. Lórí tábìlì Yorùbá, ó yẹ kí èyí di dandan: kí àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án lórí ohun kékeré, kí ojú tó lè kúrò lára ọmọdé nígbà tí ó bá kàn án.

Èèwọ̀ kì í ṣe ààlà

Èèwọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ààlà jù lọ, òun náà sì ni ó lè ṣini lọ́nà jù. Wọ́n jọra ní ti pé kò sí ẹni tí ń bèèrè ìdí. Bí ẹnì kan bá ti ní èèwọ̀ òun ni, oúnjẹ náà yóò kúrò níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó ń yan ààlà, ó sì lè pa á rẹ́ lọ́la. Èèwọ̀ ń bá ènìyàn láti ìdílé, láti ẹsẹ̀ntáyé tàbí láti ọ̀dọ̀ òrìṣà tí ó ń bọ. Ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu. Wọn kì í fi àdín bọ Èṣù. Kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹnì kan ni ó fi àwọn wọ̀nyí lélẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì ni ó kan eré jù. Nínú ìtàn Yorùbá, èèwọ̀ wà kí ìtàn lè ṣẹ. Ẹmu tí Ọbàtálá mu ni ó yí ìtàn ìṣẹ̀dá padà. Bí ẹnì kan bá mú abọrẹ̀ Ọbàtálá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá-ìtàn, tí ọba ìlú kan sì gbé igbá ẹmu síwájú rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lè kọ̀, kí ó sì fi ọba ṣe ọ̀tá. Ó lè mu ún, kí ó sì ru ẹrù rẹ̀. Èèwọ̀ ẹ̀dá-ìtàn wà fún ìdánwò. Ààlà ẹni tí ó jókòó kò sí fún ìdánwò rárá. Bí èdè Yorùbá bá pe méjèèjì ní èèwọ̀, ewu wà pé atọ́kùn tí ó mọ ìtàn dáadáa yóò fi ààlà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdí ìtàn. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tí yóò túmọ̀ ohun èlò wọ̀nyí sí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ méjì pe ohun méjì.

Àwọn tí kò sí nídìí tábìlì

Gbogbo ohun èlò tí iṣẹ́ yìí ti mẹ́nu bà, àwọn tí ó jókòó nìkan ni ó ń dáàbò bò. Ní ọdún 2002, Chris Dolunt tẹ Nyambe: African Adventures jáde, níbi tí òrìṣà ti di orúkọ fún àwọn òrìṣà ilẹ̀ kan tí òǹkọ̀wé fi ojú inú ṣe, lábẹ́ Nyambe, orúkọ Ọlọ́run tí kì í ṣe ti Yorùbá rárá. Ènìyàn márùn-ún lè ṣe eré náà pẹ̀lú ìyọ̀ǹda pípé, káàdì X wà láàrin wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì fara pa. Síbẹ̀, ìsìn àwọn ènìyàn alààyè ni wọ́n fi ṣe ìnáwọ́ wọn. Àwọn ẹlẹ́sìn yìí wà ní Òṣogbo, wọ́n wà ní Havana, wọ́n sì wà ní Salvador ní Bràsíìlì, orílẹ̀-èdè tí àwọn ilé òrìṣà ti ń fara gba ìkọlù àwọn tí ń pe ìsìn wọn ní iṣẹ́ èṣù. Eré tí ó sọ òrìṣà di ohun abàmì tí akọni yóò pa bu epo sí iná yẹn, bí ẹni tí ó wà nídìí tábìlì kò tilẹ̀ mọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí òrìṣà má wọ inú eré. Ní Bràsíìlì kan náà, Christopher Kastensmidt fi Oludara, akọni tí ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà, ṣe ọ̀kan nínú olú ẹ̀dá-ìtàn A Bandeira do Elefante e da Arara, ìtàn náà sì ti di eré orí tábìlì. Ohun tí ó yẹ ni kí àwọn eléré mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn àti ohun tí ó ní olóhun. Àpẹẹrẹ ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe kedere. Èso mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dojú dé, gbogbo ohun tí ó lè hù jáde sì jẹ́ 256. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí yóò fi rọ́pò dáìsì yóò rò pé òun ti rí i. Ṣùgbọ́n odù ni ìkọ̀ọ̀kan 256 yẹn, odù sì ní ẹbọ àti àwọn tí wọ́n tẹ̀ nífá láti máa kì í. Owó ẹyọ yàtọ̀ sí i: àwọn olórìṣà ń fi í dáfá, ṣùgbọ́n wọ́n ti ná an lọ́jà rí, ẹnikẹ́ni sì lè dà á láìpe odù kankan. Ìmọ̀ ohun ìní ẹlòmíràn ni ó ń sọ irú ìyàtọ̀ báyìí fún ènìyàn. Kò sí káàdì tí ó lè sọ ọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àtòjọ ìwé àti àtòjọ irinṣẹ́ kò tó, bí wọ́n bá wà ní ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé tí ó kún fún ìmísí jù ni ó sábà máa ń kún fún ohun tí ó lè pa ènìyàn lára, Fágúnwà kò sì yọ sílẹ̀ nínú èyí. Ohun èlò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2003 fún ẹni tí ó kéré jù ní àṣẹ tí àṣà Yorùbá kò fún un. Kò yẹ kí ìgbéraga àṣà mú ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Àṣà Yorùbá náà ní ohun méjì tí àwọn ohun èlò yẹn kò ní: ó di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní ẹrù kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ó sì mọ̀ pé àwọn tí kò sí níbẹ̀ ní ìpín nínú ohun tí wọ́n ń sọ.

Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ lọ sí Òkè Láńgbòdó lọ́la, ohun méjì yìí àti àṣẹ káàdì náà ni kí wọ́n jọ kó dání. Kí atọ́kùn ti ka ìwé náà tán, kí ó ṣe tótó, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ Kàkò fún wọn kí wọ́n tó gbéra. Kí káàdì wà láàrin tábìlì, kí àgbà sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pinnu papọ̀ ohun tí yóò jẹ́ orúkọ obìnrin náà.